BÍ ẸGBẸ́ BÁ RA BỌ́Ọ̀SÌ, TA NI YÓÒ DÁHÙN BÍ Ó BÁ GBÁ ÈÈYÀN?

  Ìnáwó owó ọkọ̀ gan-an ló bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí.

Ẹni tó wá sí ìpàdé tó kọjá á rántí àbá tí wọ́n dá pé kí ẹgbẹ́ kó owó jọ, kí a ra bọ́ọ̀sì kan tí yóò máa gbé wa láti Ìdànrè àti Aládé lọ sí Àkúrẹ́, kó sì máa kó ọjà wa padà wálé. Àbá náà dùn mọ́ wa. Ó ti sú wa kí a máa dúró ní gáréèjì láti ìdájí títí oòrùn á fi yọ, kí a máa bẹ dírẹ́bà kó tó gba apẹ̀rẹ̀ ata tàbí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìyá kan láti ìsọ̀ elépo dìde, ó bèèrè pé bí bọ́ọ̀sì yẹn bá gbá ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́, ṣé ẹni tó dá owó ni wọ́n máa wá mú? Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyálọ́jà ní kí àwa tí a ń kọ̀wé ẹgbẹ́ lọ wádìí rẹ̀, kí a kọ ọ́ síbí, kí ẹni tí kò lè kàwé ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí. Ohun tí a rí nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Bí ajá ẹni bá bu ọmọ aládùúgbò jẹ, ilé olówó ajá ni wọ́n ń gbé ọmọ náà wá. Ẹnìkan kì í bá ajá ṣẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ṣe rí lórí ọkọ̀. Dírẹ́bà ló ń wa ọkọ̀, òun ló sì jẹ̀bi bó bá sá eré àsápajúdé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ẹni tó gbà á ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, ẹni tó farapa lè pe dírẹ́bà àti ọ̀gá rẹ̀ pọ̀ sí kóòtù. Ọ̀gá ló gbà á síṣẹ́, ọ̀gá ló ń jẹ èrè ọkọ̀, ọ̀gá náà ló sì sábà máa ń ní owó lọ́wọ́. Lọ́yà wo ló máa fi ẹni tó lówó sílẹ̀ kó wá máa lé dírẹ́bà tí kò ní ju ṣòkòtò méjì lọ?

Àwọn kan ti ń sọ ọ́ nínú ọjà pé àwọn ti rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ má pe dírẹ́bà ní òṣìṣẹ́, kó kàn máa dá iye kan wálé lójoojúmọ́, kí ìyókù jẹ́ tirẹ̀. Ọgbọ́n yẹn kò dé ibi tí wọ́n rò o. Orúkọ tí a bá pe èèyàn nìkan kọ́ ni kóòtù ń wò. Wọ́n á wo ẹni tó ni ọkọ̀, wọ́n á wo iṣẹ́ ẹni tí ọkọ̀ ń ṣe, wọ́n á wo ẹni tó ń pàṣẹ ibi tí yóò gbà. Bọ́ọ̀sì tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà sí lára, tí ẹrù ọmọ ẹgbẹ́ kún inú rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ sọ pé kì í ṣe tiwa? Bí dírẹ́bà bá jí ọkọ̀ gbé lóru lọ síbi ìnáwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwa la máa fi ẹ̀rí hàn pé a kò rán an. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń sùn lálẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn.

Torí irú ẹjọ́ báyìí ni òfin ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ṣe wà, èyí tí àwọn oníwèé ń pè ní adójútòfò. Kì í ṣe nǹkan àná. Láti 1945, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba, tí a ṣì ń wọ bọ̀lẹ̀kájà onípákó, ni wọ́n ti ṣòfin ní Nàìjíríà pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sójú títì gbọ́dọ̀ ní ìwé ìnṣọ́ránsì nítorí ẹni kẹta. Òfin 2003 fi kún un pé ìwé náà gbọ́dọ̀ kárí dúkìá ẹni kẹta tó bá bàjẹ́, ó kéré tán N1,000,000. Ó ní ẹni tó bá wakọ̀ láìní in lè san N250,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 1, tàbí kó ṣe méjèèjì. Ní August 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin ìnṣọ́ránsì tuntun tó rọ́pò ti 2003. Tuntun dé o, ṣùgbọ́n dandan ṣì ni ìwé ọkọ̀.

Ta wá ni ẹni kẹta? Ẹni kìíní ni ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹni kejì ni ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni kẹta ni ará ìta tí ọkọ̀ bá ṣe ní jàǹbá: ọmọdé tó ń sọdá títì, ọlọ́kadà, onílé tí ọkọ̀ ya wọlé rẹ̀. Ní ti ọkọ̀ èrò, òfin fẹ́ kí ìwé náà kárí èrò tó sanwó wọlé pẹ̀lú. Ẹ fi etí sí èyí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àwa tí a wọ ọkọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ kankan, pé kí Ọlọ́run ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí a rí i. Àmín o. Àmọ́ ẹ̀tọ́ wà.

Àwa tí a pàtẹ sẹ́bàá títì náà wà nínú ẹni kẹta. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa yìí ní January 2021, ní Àkùngbá-Àkókó, nítòsí Yunifásítì Adekunle Ajasin. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kò wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, wọn kò san owó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Jókòó ni wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ wọn. Bí a bá ra bọ́ọ̀sì, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀sì wa lè jẹ ní gbèsè, ìyá alákàrà tó wà ní kọ́nà yẹn náà sì wà lára wọn.

Iye owó rẹ̀ ńkọ́? Àjọ tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, NAICOM, gbé owó ìwé ẹni kẹta sókè láti January 2023. Ti mọ́tò ara ẹni kúrò ní N5,000, ó di N15,000, wọ́n sì sọ pé yóò kárí dúkìá ẹni kẹta tó N3,000,000. Ti kẹ̀kẹ́ Maruwa jẹ́ N5,000, ti ọ̀kadà jẹ́ N3,000, ti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba owó ẹrù sì jẹ́ N100,000, ó sì kárí N5,000,000. Ẹ rí i pé bí ọkọ̀ bá ṣe ń ṣe iṣẹ́ owó tó, tí ewu rẹ̀ sì pọ̀ tó, ni owó rẹ̀ ṣe ń ga. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ìpàdé pé kí a gba ìwé mọ́tò ilé fún bọ́ọ̀sì èrò kí ó lè dínkù, ọ̀fìn ló ń gbẹ́ fún wa. Lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á ní ọkọ̀ ara ẹni la sọ fún àwọn pé a ní, àwọn kò mọ̀ nípa ọkọ̀ tó ń gba owó èrò.

Ìwé ẹni kẹta yìí, ìta ló ń wò, kò wo inú ilé. Bí bọ́ọ̀sì wa bá rún wómúwómú, kò ní tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn á gba ìwé ńlá tó kárí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Èyí tó dùn wá jù ni ti ẹrù. Tòmátò, epo, àpò kókò tó wà nínú ọkọ̀ nígbà tó dojú dé, ìwé ẹni kẹta kì í sábà kó o mọ́ra. Ìnṣọ́ránsì ẹrù ọ̀nà wà lọ́tọ̀, a sì máa ń fi iye tí ẹrù tó ṣírò owó rẹ̀. Ẹnìkan nínú wa tó ń ra ata gbé ẹrù tó fi owó àjọ rà sínú ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà já sí kòtò, ata tú sílẹ̀, òjò pa á. Wọ́n fi àkọlé tó wà lára ọkọ̀ hàn án pé olówó ẹrù ló ni ewu ẹrù rẹ̀. Àkọlé yẹn kò fi dírẹ́bà sílẹ̀ pátápátá o. Kóòtù máa ń bèèrè bóyá èrò rí i kó tó sanwó, àti bóyá ìwà àìbìkítà dírẹ́bà ló fa jàǹbá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ sí kóòtù nítorí apẹ̀rẹ̀ ata 6? Ó ń san owó àjọ náà díẹ̀díẹ̀ títí di bí a ti ń kọ èyí.

Ohun mìíràn tí a gbọ́dọ̀ là yé ara wa ni owó tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì. Tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ń já fún dírẹ́bà kí ó tó kó èrò kì í ṣe ìnṣọ́ránsì. Owó ẹgbẹ́ wọn ni. Wọ́n lè ṣàánú ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó bá farapa, ìyẹn dáa, àmọ́ kò sí ìlérí kankan fún èrò nínú rẹ̀.

Ìwé ayédèrú sì pọ̀ nígboro. Ẹlòmíràn á ra ìwé lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, kò mọ̀ pé ìwé lásán lòun gbé sínú ọkọ̀. Bí a ṣe ń mọ ojúlówó kò le: ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ sí i bí wọ́n bá ti bèèrè, yóò sọ bóyá ìwé ọkọ̀ náà wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ẹ lè ṣe é fún ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ náà. Bí dírẹ́bà bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Láti ọjọ́ kìíní February 2025 ni ọlọ́pàá ti kéde pé àwọn yóò máa yẹ ìwé yìí wò lójú títì, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ń bèèrè.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àpò ẹgbẹ́, òun gan-an ni ìbéèrè ìpàdé dá lé. Bí gbèsè bá ju iye tí ìwé ìnṣọ́ránsì kárí lọ, tàbí bí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì bá kọ̀, àpò ta ni wọ́n máa lọ? Ẹgbẹ́ tí a kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, lójú òfin, àwọn èèyàn tó kóra jọ lásán ni. Kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ ní ọkọ̀. Ẹnìkan ni a máa kọ sínú ìwé ọkọ̀, bóyá akápò, bóyá Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀, ẹni yẹn sì ni ìwé ìpẹ̀jọ́ máa kọ́kọ́ bá nílé. Ilé tó kọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, owó rẹ̀ ní báńkì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè na ọwọ́ sí. Ṣé ohun tí a fẹ́ fi san oore fún Ìyálọ́jà nìyẹn?

Ọ̀nà mẹ́ta ni a rí. Ti àkọ́kọ́, a lè forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kọ́ńpìnnì ti 2020 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alábòójútó dúkìá. Ẹgbẹ́ á lè ní dúkìá ní orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pín èrè fún ọmọ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó dá àbá ọkọ̀ ń retí èrè. Ti kejì ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí a ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n nídìí kókò, kì í ṣe àjèjì ní Ìdànrè. Ti kẹta ni kọ́ńpìnnì tí orúkọ rẹ̀ parí sí Limited. Gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, iye tí olúkúlùkù fi ra ìpín nínú rẹ̀ ni ó lè pàdánù, wọn kò ní wá sí ìsọ̀ rẹ. Àwa fara mọ́ ọ̀nà kejì, torí àwọn èèyàn wa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́yà ló máa sọ èyí tó bá wa mu jù.

Ní ti bí a ṣe lè dín jàǹbá fúnra rẹ̀ kù, a kò ní sọ púpọ̀, gbogbo wa la mọ ọ̀nà wa. Òkè àti kọ́nà ló wà lójú ọ̀nà Ìdànrè, òjò á sì jẹ́ kí títì yọ̀. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dá múṣé kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Àwọn Road Safety, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí mú ọkọ̀ èrò tí kò ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù láti October 2016. Kí tiwa ní in. Kí iye èrò má ju iye ìjókòó lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sórí ẹrù. Ọ̀rọ̀ jíjókòó sórí ẹrù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a tún un sọ. Bí ìyá kan bá jókòó sórí àpò kókò lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì já bọ́, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á ní ẹrù ni ìwé ọkọ̀ náà wà fún, àwọn kò mọ èrò kankan. Owó ọkọ̀ tó fẹ́ fi pamọ́ kò tó nǹkan.

Kí a sì máa kọ orúkọ gbogbo èrò àti nọ́ńbà fóònù ará ilé wọn sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ̀dà kan á wà ní gáréèjì, kó má jẹ́ inú ọkọ̀ nìkan ló wà. Bí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀, ìwé yẹn ló máa jẹ́rìí pé lágbájá wà nínú ọkọ̀.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí ni àkọ́kọ́. Nọ́ńbà Road Safety ni 122. Òfin ìlera ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ lè san N100,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Bí wọ́n bá ní ẹ kọ́kọ́ mú owó wá kí àwọn tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi òfin yẹn bi wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà, torí kò sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó máa dá yín lóhùn láìrí i. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì oògùn. Bó bá jẹ́ àwa la ni ọkọ̀, kí a sọ fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wa lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì dúró lójú títì kó máa kéde pé àwa la jẹ̀bi, a ó san gbogbo rẹ̀. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ láìgba ohùn wọn lè jẹ́ kí wọ́n yọ ọwọ́. A mọ̀ pé èyí le fún wa, torí bí a ṣe tọ́ wa ni pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kí á dọ̀bálẹ̀, kí á kúnlẹ̀, kí á bẹ̀bẹ̀. Ẹ lọ kí ẹni tó farapa. Ẹ gbé oúnjẹ lọ, ẹ bá wọn sunkún. Ìwé àdéhùn owó ni kí ẹ má fọwọ́ sí.

Bó bá wá jẹ́ àwa la farapa nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹ má ṣe gba owó táṣẹ́rẹ́ lójú títì kí ẹ fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹsẹ̀ tó wú lónìí lè jẹ́ ẹsẹ̀ tó kán. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ló gbá yín, ẹ tètè rí lọ́yà, nítorí òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fẹ́ kí ẹjọ́ dé kóòtù láàárín oṣù 3. Ẹni tó bá dúró kí egbò jinná tán lè rí i pé ìlẹ̀kùn ti tì.

Àwọn kan tún máa ń rò pé bí ọlọ́pàá bá ti ti dírẹ́bà mọ́lé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ ìjọba, ọ̀tọ̀ ni owó ẹni tó farapa. Ní ọjọ́ 9 March 2023, rélùwéè kọlu bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó lọ síbi iṣẹ́, ní agbègbè Ṣógúnlé. Èèyàn 6 ló kú, ọ̀pọ̀ farapa. Ìjọba Èkó gbé awakọ̀ náà lọ sí kóòtù, ìjọba kan náà sì ní òun ló máa ru owó ìtọ́jú àwọn tó farapa. Ìjọba lágbára rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ọlọ́jà ló ni bọ́ọ̀sì yẹn, ẹ bá wa rò ó wò.

Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ má tíì ra ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ háyà bọ́ọ̀sì kan fún oṣù 6, kí àdéhùn rẹ̀ wà nínú ìwé: ìnṣọ́ránsì tí a ti yẹ̀ wò lórí fóònù, láísẹ́ńsì dírẹ́bà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, iye èrò, ẹni tí yóò dáhùn fún ẹrù. Láàárín ìgbà náà kí a forúkọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. Àwọn kan á ní ẹ̀rù ló ń bà wá. Ẹ̀rù ń bà wá lóòótọ́, owó tí a fẹ́ kó sí i kì í ṣe owó ẹnìkan.

Àkọ̀wé àti akápò yóò lọ sí Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti gba iye owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mẹ́ta, ti ẹni kẹta, ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ àti ti ẹrù ọ̀nà, wọ́n á sì bá lọ́yà kan sọ̀rọ̀. Gbogbo ìwé tí wọ́n bá mú bọ̀ yóò wà ní ìsọ̀ akápò láti ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kà á kó wá kà á ṣáájú ìpàdé, torí ọjọ́ ìpàdé la máa dìbò.